Mọ́ọ̀dì Tí Mi Ò Gbé Wálé

Alága ìjókòó wa, ẹni tó bú mi jù láyé lẹ́yìn ìyá tó bí mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tẹ́ ẹ jókòó sápá ọ̀tún níbẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ wá wò ó bóyá màá sunkún, mo kí yín o. Ẹ máa retí. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka gbogbo, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin awakọ̀ tírélà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń nu ilẹ̀ yìí tó fi ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀yin àlejò tẹ́ ẹ sọdá òkun nítorí tèmi, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọkọ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin àna mi, mo rí yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, ẹ ò kéré sí ẹni tó jókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Ẹ gbójú sókè. Ṣé ẹ rí àwọn ìkọ́ ńlá tó wà lókè orí wa yẹn? Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹsẹ̀ bàálù ló máa ń wà lára wọn, tí wọ́n á máa tò lọ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dè é dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lónìí kí n lè ráyè sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-iṣẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí i tí iṣẹ́ dúró nínú gbọ̀ngàn yìí. Ọ̀kan nìyí. Èkejì ni mo dúró láti sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn tó bá mi wá láti ilé, nítorí mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo gan-an lobìnrin yìí ń ṣe tí kì í gbélé. Ilé-iṣẹ́ yìí ló ń ṣe ẹsẹ̀ tí bàálù fi ń balẹ̀. A kì í dá a ṣe. Irin rẹ̀ ń ti ibì kan wá, rọ́bà rẹ̀ ń ti ibòmíràn wá, ọ̀pá tí epo ń gbà kọjá nínú rẹ̀ ń ti ìlú tí oòrùn ti máa ń yọ nígbà tí àwa ń palẹ̀ mọ́ láti sùn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ gbogbo àwọn tó ń ṣe é, kí àárín àwa pẹ̀lú wọn gún, kí n sì máa ronú ohun tó lè dí wọn lọ́wọ́ kó tó dí wọn lọ́wọ́: iná, ìjì, ogun, àìsàn, ojúkòkòrò. Ìyá mi bi mí nígbà ayé rẹ̀ pé, “Kí lẹ tiẹ̀ ń rà lọ́wọ́ àwọn èèyàn òkè òkun yẹn?” Mo ní, “Màámi, orúnkún bàálù ni.” Ó ronú sí i, ó ní, “Ṣé làkúrègbé ń ṣe bàálù náà ni?”

Yàrá ìkẹ́rùsí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọge ni mí nígbà yẹn, mo tín-ín-rín, mo sì rò pé mo mọ gbogbo nǹkan. Wọ́n ní kí n máa tú ẹrù tó bá dé, kí n wò ó bóyá ohun tá a ní kí wọ́n ṣe náà ni wọ́n ṣe. Imú ni mo kọ́kọ́ fi mọ àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Àpótí tàwọn kan ń rùn bí igi tútù, tàwọn kan ń rùn bí epo. Àpótí kan wà, bí mo bá ti ṣí i, irin inú rẹ̀ á wà nínú aṣọ òwú múlọ́múlọ́, wọ́n á ti wé e bí ẹní wé ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí. Mo bi ara mi pé, ta ló wé eléyìí? Kí ló rí lára irin tó fi ń kẹ́ ẹ báyìí? Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè yẹn ló gbé mi kúrò nínú yàrá ẹrù, tó gbé mi dé orílẹ̀-èdè tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ kó dún bí orúkọ. Ẹlòmíràn rí páálí, ọjà ló rí. Èmi rí páálí, mo fẹ́ mọ ọwọ́ tó dì í.

Ẹni tó wé irin náà la wá ń pè ní Bàbá Alágbẹ̀dẹ níbí. Ilé àgbẹ̀dẹ wọn wà létí odò kan, bàbá bàbá wọn ló dá a sílẹ̀, ó sì ti di ilé-iṣẹ́ ńlá tí òòlù ibẹ̀ tóbi ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Àwọn ló ń lu irin orúnkún fún wa, ibi tí ẹsẹ̀ bàálù ti ń ṣẹ́ po, tí gbogbo ìwúwo bàálù ń bà lé bó bá ti kan ilẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é fún wa láyé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò sí ẹlòmíràn. Lọ́dọọdún ni mo ń pariwo nínú ìpàdé pé ọ̀nà kan ò wọjà, ẹ jẹ́ ká wá ẹnì kejì. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dá mi lóhùn pé, “Ṣebí Bàbá ò já wa kulẹ̀ rí?” Òótọ́ ni, wọn ò já wa kulẹ̀ rí. Àmọ́ odò ò bá wa dá májẹ̀mú kankan.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń da tíì sínú ife, fóònù mi dún. Ọmọ Bàbá lobìnrin ni, òun ló ń gbẹnu sọ fún wọn, tó ń túmọ̀ èdè láàárín wa.

“Àǹtí, omi ti wọlé.”

Mo ní, “Omi wo?”

“Odò ni. Ó ti bo ẹ̀rọ.”

“Bàbá ńkọ́?”

“Wọ́n wà láàyè. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé àwọn kúrò níbẹ̀ ni.”

Mo gbé ife tíì sílẹ̀. Ọkọ mi sọ pé nígbà táwọn fi máa padà dé nírọ̀lẹ́, ibi tí mo gbé e sí náà ló ṣì wà.

Ìpàdé tá a ṣe lọ́jọ́ yẹn gbóná. Orúnkún tó wà lórí pẹpẹ wa ò lè mú wa dé ibi tó jìnnà. Àwọn tó ń ra ẹsẹ̀ bàálù lọ́wọ́ wa ti ń pè. Oníṣòwò kan sì wà, tí mo sọ ní Oníkíákíá, tó gbọ́ ìròyìn náà kó tó tutù, tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé ká gbé mọ́ọ̀dì wa wá fóun, òun á lu irin náà fún wa kí oṣù tó parí. Mọ́ọ̀dì yìí, fún ẹ̀yin ará ilé, ni irin gbígbẹ́ tí wọ́n ń lu irin gbígbóná sínú rẹ̀ kó lè mú àwòrán rẹ̀. Tiwa ni, a kàn gbé e sọ́dọ̀ Bàbá ni. Mo ní, “Ẹ dúró ná.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Dúró-Ná, tí àwọn ọmọ yín fi ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n wọn ò dúró. Máníjà àgbà wa, tí í ṣe Alága wa lónìí, nawọ́ sí mi, wọ́n ní, “Lọ gbé mọ́ọ̀dì wa wá.”

Mo lọ. Ṣé ó yẹ kí n sọ fún yín pé inú mi dùn láti lọ? Irọ́ ni yóò jẹ́. Nínú ọkọ̀ tó gbé mi láti pápákọ̀ òfúrufú, mo ń ṣe ìdánrawò bí màá ṣe sọ fún àgbàlagbà tó wé irin fún mi láti ìgbà ọmọge mi pé ẹrù mi ni mo wá kó.

Nígbà tí mo débẹ̀, omi ti fà, ẹrẹ̀ ló kù. Ẹrẹ̀ náà ga dé ìbàdí lára ògiri, ó dúdú, ó ń dán. Àwọn òṣìṣẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń fi korobá gbọ́n ọn síta, ìyàwó àti ọmọ wọn wà láàárín wọn. Tírélà ti tò sẹ́nu géètì. Àwọn oníbàárà mìíràn ti dé ṣáájú mi, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ agbẹ́rù gbé mọ́ọ̀dì tiwọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá jókòó sórí àpótí kan, wọ́n ń wo àwọn tó ń kó ẹrù lọ. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n sọ̀rọ̀ kan, ọmọ wọn sì túmọ̀ rẹ̀. Ojú ti òun náà láti túmọ̀ rẹ̀.

“Bàbá ní ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní tiyín wà ní igun ọwọ́ òsì, àwọn ti fọ̀ ọ́ sílẹ̀ dè yín.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti fọ̀ ọ́! Ilé wọn kún fún ẹrẹ̀, ẹ̀rọ tiwọn ń dípẹtà, wọ́n kọ́kọ́ fọ mọ́ọ̀dì wa, wọ́n fi epo pa á, wọ́n sì wé e sínú aṣọ.

Mo jáde síta kí n lè mí. Obìnrin kan wà lẹ́nu géètì tó wọ bàtà òjò pupa. A mọra. Ilé-iṣẹ́ tá a jọ ń dìje ló ń bá ṣiṣẹ́, ó sì ti gba iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ rí ju bí mo ṣe fẹ́ rántí lọ. Ó ní, “Wọ́n rán ìwọ náà?” Mo ní, “Wọ́n rán mi.” Ó ní, “Ta lo máa gbé tìẹ fún?” Mo ní, “Oníkíákíá.” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Ó ní, “Òun náà làwọn ọ̀gá tèmi ń wí. Ó dáa, jẹ́ kí n bi ẹ́. Irin tí ọkùnrin yẹn bá lù, ṣé wàá gbé ọmọ ẹ sórí ẹ̀?” Mo mi orí. Ó ní, “Bí tìẹ bá dúró, tèmi á dúró, a ó jọ tún ibí ṣe.”

Ìgbà yẹn ni mo pe Alága wa.

“Ṣé tírélà ti gbéra?”

“Rárá, sà. Mọ́ọ̀dì ò lọ síbì kankan.”

Ohùn wọn wá wọ́rọ́wọ́: “Ta ló rán ẹ níṣẹ́?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Kí ni mo ní kó o gbé?”

“Mọ́ọ̀dì, sà.”

“Ó dà?”

“Ó wà níbi tó yẹ kó wà, sà.”

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọdé wà níbí. Ẹrẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Obìnrin oníbàtà pupa di apá mi mú kí n má baà yọ̀ ṣubú. Àmọ́ nígbà tí èébú tán, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ irú ọ̀gá tí mo ní. Wọ́n ní, “Ó dáa. Má sọ ti àánú fún mi. Ìdí ni kó o sọ.”

Mo ní, “Sà, bí èèyàn bá gbé ìkòkò ọlọ́bẹ̀ lọ, ṣé ó ti gbé ọwọ́ ẹ̀ lọ? Àwọn tó mọ bí irin yìí ṣe ń pupa kí wọ́n tó lù ú, wọ́n wà níbí, korobá ló wà lọ́wọ́ wọn. Ká tó dán ẹlòmíràn wò débi tá a lè fi ẹ̀mí èèyàn lé e lọ́wọ́, àwọn yìí á ti fọ ilé wọn tán, wọ́n á ti máa lu irin. Ẹ fi àwọn tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe ránṣẹ́ sí mi. Àwọn tá a jọ ń dìje á fi ẹ̀rọ tó ń fa omi àti mọ́tò tuntun tó ń yí òòlù ránṣẹ́. Ohun tó bá kọ́kọ́ jáde, a jọ máa pín in dọ́gba ni.”

“Àwa pẹ̀lú àwọn yẹn?”

“Àwa pẹ̀lú wọn, sà.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Bó bá bàjẹ́, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ ń lọ sílé.” Wọ́n sì lọ bá ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Alága, mi ò tíì dúpẹ́ rẹ̀ lójú èèyàn rí. Èébú tẹ́ ẹ bú mi, mo ti gbàgbé díẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí, mi ò níí gbàgbé.

Kò rọrùn o. Ẹ̀yin ẹnjiníà wa tẹ́ ẹ lọ, ẹ mọ̀. Ẹ sùn sínú yàrá tí ògiri rẹ̀ tutù, ẹ tú ẹ̀rọ palẹ̀ dórí nọ́ọ̀tì tó kéré jù, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn tẹ́ ò gbọ́ èdè wọn, ẹ ń fi ọwọ́ júwe, ẹ ń fi orí jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Níbí ńkọ́? Pẹpẹ wa ń ṣófo. Bí mo bá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn kan á dákẹ́. Mo gbọ́ ọ nígbà tí ẹnì kan sọ pé, “Ẹ wo obìnrin tó da oúnjẹ wa sínú ẹrẹ̀.” Mi ò bá a jà. Ó ní ọmọ nílé, èmi náà ní. Nígbà tó ṣe, orúnkún tán pátápátá, ìkọ́ wọ̀nyí sì dúró sójú kan. Ẹ ò mọ bí gbọ̀ngàn yìí ṣe máa ń rí bí kò bá sí ariwo. Ó dà bí ilé tí àwọn ọmọ ti kó jáde. Olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gun orí àpótí níbí yìí, ó ní, “Dúró-Ná ní ká dúró. A máa dúró. Ṣùgbọ́n, màmá, ẹ má jẹ́ ká dúró gbó o!”

Àpótí dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Mo mọ òórùn rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Aṣọ òwú náà ni. Awojúrin wa, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń yẹ irin wò, gbà á, ó gbé e wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ mọ̀ ọ́n, kì í sáré nítorí ẹnikẹ́ni. Ó tan iná wò ó, ó fi ẹ̀rọ gbọ́ inú rẹ̀, ó fà á, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́ ọ̀kan wò. Gbogbo ilé-iṣẹ́ dúró síta. Nígbà tó jáde, ó ń nu awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún lọ, ó ń nù ún bọ̀, títí olùtọ́jú ẹ̀rọ kan fi kígbe pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru!” Ó ní, “Ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

Ariwo tẹ́ ẹ pa lọ́jọ́ yẹn! Ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ gbé mi sókè. Mo ń pariwo pé kó sọ̀ mí kalẹ̀, pé orúnkún tèmi ò tíì gba ìdánwò.

Àwọn tó gbé mọ́ọ̀dì wọn fún Oníkíákíá ńkọ́? Irin dé ọ̀dọ̀ wọn lóòótọ́, kíákíá bó ṣe ṣèlérí. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ó là bí bisikíìtì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n dán an wò kó tó fò. Wọ́n gbé mọ́ọ̀dì wọn padà lọ bá Bàbá, Bàbá ò sì lé wọn; wọ́n ní kí wọ́n tò sẹ́yìn wa ni. A ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dáa, a fi wọ́n ṣe díẹ̀.

Kí n má purọ́, kì í ṣe ìgboyà ọjọ́ yẹn ni mo fi ń yangàn jù. Ohun tá a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni. A bá Bàbá kọ́ àgbẹ̀dẹ kejì sórí òkè, níbi tí odò ò lè gùn dé. Nígbà tí mo sì ní kí wọ́n kọ́ alágbẹ̀dẹ mìíràn ní orílẹ̀-èdè mìíràn níṣẹ́ náà, wọ́n bínú. Wọ́n ní, “Ṣé kí n kọ́ ẹni tó máa gba oúnjẹ lẹ́nu mi?” Mo ní, “Bàbá, bí ẹ bá nìkan mọ̀ ọ́n, ẹrù tí ẹ ò lè sọ̀ kalẹ̀ lẹ rù.” Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Nígbà tí wọ́n gbà, àwọn fúnra wọn ló lọ kọ́ wọn. Wọ́n ti lọ sinmi báyìí, ṣùgbọ́n ọmọ wọn jókòó síwájú mi níbí, òun lọ̀gá àgbẹ̀dẹ méjèèjì. Àbúrò, dìde kí wọ́n rí ẹ. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un! Ọ̀rẹ́ mi oníbàtà pupa, mo rí ìwọ náà. Bàtà gidi lo wọ̀ lónìí. A ṣì ń dìje o, má gbàgbé, ẹni tó máa jókòó sáyè mi ò níí bá ẹ ṣeré.

Ọkọ mi, aránṣọ ni wọ́n, gbogbo ẹni tó jókòó nílà iwájú yìí ti wọ aṣọ ọwọ́ wọn rí. Àwọn ló tọ́ àwọn ọmọ wa láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti fóònù mi. Wọ́n kọ́ ìkíni orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi kí wọ́n lè dá àwọn tó ń pè mí lóhùn, wọ́n sì ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀: wọ́n ti fi “ó dàárọ̀” kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan rí ní kùtùkùtù àárọ̀. Baálé mi, ẹ ṣeun. Mo ti ń bọ̀ wálé. Ẹ fẹ́, ẹ kọ̀.

Àwọn tí mo ṣẹ̀, ẹ forí jì mí. Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Olórí ẹ̀ka ìrajà, mo ti bi yín léèrè lójú àwùjọ rí bóyá ńṣe lẹ yá orí tẹ́ ẹ gbé wá síbi iṣẹ́. Tiyín ni, ó sì pé. Ẹ̀yin tí mo dá padà kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé yín nítorí pé ọkọ̀ òkun kan há síbì kan, ẹ má bínú.

Ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, dìde. Ẹ wò ó, ó mọ kọ̀ǹpútà ju bí mo ṣe mọ ilé ìdáná mi lọ. Àbúrò mi, kọ̀ǹpútà á sọ fún ẹ pé ẹrù wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lọ sílé wọn. Mọ orúkọ àwọn ọmọ wọn. Jẹun pẹ̀lú wọn nígbà tí kò sí wàhálà, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí wàhálà bá dé lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kíra yín. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Bí gbogbo ènìyàn bá sì ń sáré, tí ọkàn rẹ ò gbé e, jókòó ti ọkàn rẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà, kí n lọ. Irin ò níí là mọ́ wa lọ́wọ́. Ọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dè é ò níí gbọ̀n, ojú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò ò níí ṣú. Àwọn ará wa létí odò, lórí òkè, lẹ́yìn òkun, omi ò níí gbé wọn, iná ò níí jó wọn, ogun ò níí tú wọn ká. Bẹ́ ẹ ṣe sìn mí jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ̀rín la ó fi máa ṣe tiyín náà.

Nísinsìnyí tí mò ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan wà lókè sánmà tó fi orí ti fèrèsé bàálù, tó ń sùn, tí ọmọ rẹ̀ sùn sí i láyà. Kò mọ ìkankan nínú wa. Kò mọ Bàbá, kò mọ ẹrẹ̀, kò mọ bí gbọ̀ngàn yìí ṣe dákẹ́ tó. Láìpẹ́, ẹsẹ̀ bàálù á kanlẹ̀, ó máa dún gbì lẹ́ẹ̀kan, á jí, á nawọ́ mú báàgì rẹ̀, á máa lọ sílé. Ẹ̀yin èèyàn mi, kó má mọ̀ wá láéláé. Ògo wa nìyẹn.

Ẹ ṣé o.